Ta Ló Ṣẹ́ Ìyá Aláró Lọ́wọ́?

Ẹjọ́ kan gba ọ̀nà Alábàtà wọ ààfin lánàá, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló sì gbé kọ́ ọrùn wọlé. Ẹni tó ni ọwọ́ náà ni Asiata, aláró ará Ìtòkú, tí gbogbo ọjà mọ̀ sí Ìyá Rodiat. Sìmẹ́ǹtì funfun tí wọ́n fi ń di eegun nílé ìwòsàn bo ọwọ́ náà láti ọrùn ọwọ́ títí dé ìgúnpá, àwọn ìka tó yọ níwájú sì wú bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú epo. Àwọn ìka wọ̀nyí ló fi ń di ìyẹ́ adìyẹ mú, tó fi ń ya ẹ̀kọ àdìrẹ sára aṣọ kó tó rì í sínú aró. Ní báyìí ìyẹ́ wà lórí àjà, aró ti fẹ́ kú nínú ìkòkò, àwọn oníbàárà sì ti ń yọjú sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ohun tí obìnrin yìí bá wá sí ààfin kò ju ẹyọ kan lọ: kí ẹnìkan dìde, kó ní èmi ni mo ṣẹ́ ọ lọ́wọ́, kó sì bá a gbé ẹrù ọwọ́ náà títí yóò fi san.

Ẹ má ro ààfin ńlá o. Ilé páànù kan ni, ní abúlé Ìdí-Àgbálùmọ̀, tí gọ́tà títì ńlá gba iwájú rẹ̀ kọjá. Inú gọ́tà yìí gan-an ni ọkọ̀ tó gbé Asiata kó sí. Àwọn ọmọ abúlé fà á jáde, Baálẹ̀ Ọláògún gba kọ́kọ́rọ́, ó fi í sápò, ó ní ọkọ̀ náà ò ní kúrò lágbàlá òun títí ọ̀ràn yóò fi yanjú. Àwọn adìyẹ ti ń yé sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Ó tún pàṣẹ pé ọkọ̀ kankan tó bá ní sítíkà Gbémikíá, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tí àwọn èèyàn ń fi fóònù pe ọkọ̀ wọn, kò gbọdọ̀ gba abúlé òun kọjá lọ sí yunifásítì. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn lọ sí kíláàsì, kíá ni àwọn olùjẹ́jọ́ kún ààfin.

"Ìyá Rodiat, ẹ rojọ́," ni Baálẹ̀ wí. "Ẹ rò ó tààrà. Àwọn tó máa lọ́ ọ pọ̀ níbí, a ó gbọ́ tiwọn."

Asiata gbé ọwọ́ rẹ̀ tó wúwo lé itan. "Baálẹ̀, ewé ẹ̀lú tí mo fi ń ṣe aró ni mo fẹ́ lọ rà lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan ní Alábàtà. Ọmọ mi bá mi fi fóònù pe ọkọ̀. Fóònù fi àwòrán awakọ̀ hàn wá. Ó ní Abdulbaqi lorúkọ rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ dé àyà. Èyí tó dé wá gbé mi, kò ní irùngbọ̀n."

"Ẹ ò bi í?"

"Mo bi í. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fá a ni."

Àwọn èrò ìwòran rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ ní kí wọ́n dákẹ́, ṣùgbọ́n òun náà fi ìka nu ẹnu.

"Bí mo ṣe jókòó tán, ó ní, 'Màmá, ẹ jẹ́ ká kánsù ẹ̀ lórí fóònù, ká máa lọ bẹ́ẹ̀. Wọ̀bìà làwọn kọ́ńpìnnì yẹn.' Mo ní kò burú."

"Kí ló dé tí kò fi burú?"

Asiata wolẹ̀. Ìtìjú mú un, nítorí kò sí irọ́ tó lè pa síbẹ̀. "Ó ní òun á dín in fún mi."

"Ó dáa. Ẹ̀yin náà ti fi ìka kan tọ́ ọ wò. Ẹ máa bá a lọ."

"À ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́, Baálẹ̀. Bí a ṣe dé iwájú ààfin yín níbí, mo rí ọmọ yìí tó fi orí lé sítíárìn. Ó fi àyà náà lé e. Fèrè ọkọ̀ ń ké kíkankíkan lábẹ́ iwájú orí rẹ̀. Mo ní, 'Ọmọ yìí, ṣé kò sí?' Kò dá mi lóhùn. Nígbà tí ó máa fi gbé orí sókè, inú gọ́tà la wà, ọwọ́ mi sì ti wà lábẹ́ mi."

"Oorun ló gbé e lọ ni?"

"Kò sùn o. Ó ń kí èèyàn ni."

Baálẹ̀ yí ojú sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dán bí abọ́ tánganran.

"Gbóyèga, dìde. O jẹ̀bi, àbí o ò jẹ̀bi?"

"Baálẹ̀, ẹ ó pẹ́ fún wa. Mi ò jẹ̀bi, nítorí èmi kọ́ ni mo wa ọkọ̀."

"Ta ló wà á?"

"Abdulbaqi ni. Ẹ wo fóònù. Àwòrán tó wà níbẹ̀, ṣé tèmi ni?"

"Ta ló jókòó sídìí sítíárìn?"

"Èmi ni mo jókòó síbẹ̀."

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń bá Abdulbaqi jókòó síbẹ̀ ni, sà."

Kí ó tó sọ ọ́ tán, ọkùnrin kan ti fò dìde, irùngbọ̀n rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ dìde. Abdulbaqi nìyẹn, tó ni ọkọ̀, tó ni àwòrán.

"Irọ́ ni o, Baálẹ̀. Ilé ni mo wà, mò ń jẹun. Gbémikíá ti lé Gbóyèga kúrò lórí fóònù wọn nítorí pé ó ń bá àwọn èrò jà, ni mo bá yá a ní ọkọ̀ mi, mo sì yá a ní ojú mi. Ìrànlọ́wọ́ ni mo ṣe. Bí mo bá yá ọ̀rẹ́ mi ní fìlà, tó dé e lọ jalè, ṣé èmi ni ẹ máa mú?"

"Bí wọ́n bá bá fìlà níbi olè," ni Baálẹ̀ dáhùn, "ojúlé ẹni tó ni fìlà ni wọ́n máa kọ́kọ́ dé. Jókòó."

Abdulbaqi jókòó. Gbóyèga rí i pé ọ̀nà ti dí níbẹ̀, ó gba ibòmíràn.

"Baálẹ̀, ẹ tún wò ó báyìí. Ìyá yìí kì í ṣe èrò ọkọ̀. Ìgbà tí a ti kánsù ẹ̀, wọ́n ti di àlejò mi. Àánú ni mo fi gbé wọn."

"Àánú tí o ti gba owó rẹ̀ kí a tó kúrò ní Ìtòkú?" ni Asiata bi í.

"Ẹ̀bùn ni mo kà á sí, Màmá."

"Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀bùn sílẹ̀," ni Baálẹ̀ wí. "Gbóyèga, ta lò ń kí tí o fi dọ̀bálẹ̀ lórí ìjókòó ọkọ̀?"

Gbóyèga wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó wo òsì, lẹ́yìn náà ó wo àárín àwọn ìgbìmọ̀. Ibẹ̀ ni Olóyè Bọ́lárìnwá, igbákejì Baálẹ̀, wà, tó ń tún etí agbádá rẹ̀ ṣe bí ẹni pé agbádá náà ló ń jẹ́jọ́.

"Bàbá àna mi ni, Baálẹ̀. Olóyè Bọ́lárìnwá. Yéwándé ọmọ wọn ni mo fẹ́ fẹ́. Wọ́n dúró sẹ́bàá títì lọ́jọ́ náà. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, bàbá tó bí mi sì kọ́ mi pé ọmọ Ẹ̀gbá kì í kọjá lóòró níwájú àna rẹ̀. Ṣáájú ọjọ́ náà, mo ti gbé ọwọ́ kí wọn láti inú ọkọ̀ nígbà kan, ni wọ́n bá ránṣẹ́ sílé wa. Wọ́n ní mo jùwọ́ sí àwọn bí ẹni ń lé eṣinṣin, pé ọmọ tí kò lè dọ̀bálẹ̀ kò ní fẹ́ ọmọ àwọn. Màmá mi sunkún. Ẹ gbà mí, kí ni kí n ṣe? Ọkọ̀ ń lọ, àna mi dúró. Mo dọ̀bálẹ̀ níbi tí mo wà. Bí ẹ bá fẹ́ mú ẹnìkan, ẹ mú ẹ̀kọ́ ilé."

"O ò lè dúró, kí o sọ̀ kalẹ̀, kí o kí wọn?"

"Ìyá yìí ní àwọn ń kánjú."

"Èmi?" ni Asiata wí. "Ewé ẹ̀lú ni mo ń lọ rà. Ewé kì í sá."

Baálẹ̀ yí sí igbákejì rẹ̀. "Olóyè, ẹ gbọ́ o."

"Mo gbọ́," ni Bọ́lárìnwá wí. "Ṣùgbọ́n èmi ò sí níbẹ̀. Oko ni mo wà lọ́jọ́ náà. Ọmọ yìí rí nǹkan mìíràn, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún un."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Bùsírátù tó ń sun àgbàdo ní òdìkejì títì ló kọ́kọ́ jáde, ó ṣì mú abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́.

"Mo rí wọn kedere, Baálẹ̀. Olóyè dúró síbẹ̀, wọ́n da agbádá lé èjìká, wọ́n na àyà, wọ́n ń wo ọkọ̀ náà bó ṣe ń bọ̀ bí ẹni ń retí nǹkan. Àgbàdo mi wà lẹ́nu wọn."

"Èmi kì í jẹ àgbàdo níta," ni Bọ́lárìnwá wí.

"Inú ilé lẹ máa ń lọ gbé e mì, ẹ̀yin bàbá. Ṣùgbọ́n ìta lẹ ti ń gé e jẹ."

Ẹlẹ́rìí kejì ni Sàlàhúdíìnì, fọkanáísà tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Òun kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Èmi ò rí Olóyè o. Ewúrẹ́ ni mo rí. Ewúrẹ́ ló já wọ títì, tí awakọ̀ fi yà fún un."

"Níbo ni ewúrẹ́ náà wà kó tó já?"

"Ó dúró sẹ́bàá títì."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó kàn dúró ni. Ó ń wo ọkọ̀."

"Ṣé ó ń jẹ àgbàdo?" ni Bùsírátù bi í.

"Ṣé ewúrẹ́ kì í jẹ àgbàdo ni?"

"Àgbàdo sísun? Tó da agbádá lé èjìká?"

Sàlàhúdíìnì ronú díẹ̀. "Èmi ò wo aṣọ rẹ̀," ló wí.

Baálẹ̀ sún mọ́ iwájú lórí àga. "Sàlàhúdíìnì, ilé ta lò ń gbé?"

"Ilé Olóyè Bọ́lárìnwá ni. Ọlọ́run á dá wọn sí fún wa."

"Àmín. Lọ jókòó, ayálégbé ewúrẹ́."

Ẹ̀rín bú yẹ̀ẹ̀. Bọ́lárìnwá dìde láti bínú, ó tún jókòó. Asiata kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ti ń rí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ. Awakọ̀ ní òun kọ́ ló wakọ̀, ọlọ́kọ̀ ní ojú òun nìkan ló wà níbẹ̀, àna ní ewúrẹ́ ni òun. Bí a bá fi ti gbogbo wọn ṣe, a jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló jókòó sílé tó ṣẹ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́.

Ó ku aṣojú ilé-iṣẹ́. Ọládọ̀tun lorúkọ rẹ̀, ọmọkùnrin kan tó de táì lábẹ́ oòrùn, tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn.

"Ẹ kú ìjókòó o, Baálẹ̀. Inú Gbémikíá dùn láti wà níbí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé Gbémikíá kò ní ọkọ̀ kankan. Gbémikíá kò sì ní awakọ̀ kankan."

"Kí lẹ wá ní?"

"A ní áàpù, sà. Ohun tó ń mú èrò mọ ọlọ́kọ̀ ni, lórí fóònù."

"Ohun tí ẹ ní yìí, ṣé ó máa ń gbà nínú owó ọkọ̀?"

"Ó ń gba díẹ̀."

"Kò ní ẹsẹ̀, kò ní ọwọ́, ṣùgbọ́n ó ní ẹnu," ni Baálẹ̀ wí. "Máa bá a lọ."

"Ní ti ọ̀ràn Màmá yìí, wọ́n ti kánsù ìrìn-àjò náà, sà. Lójú tiwa, kò wáyé."

Asiata kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Kò wáyé? Ọmọ yìí, kí ló wá ṣẹ́ mi lọ́wọ́?"

"Ìyẹn la ò lè mọ̀, Màmá. Lójú fóònù wa, ilé yín ni ẹ wà lọ́jọ́ náà."

Inú bí Asiata débi pé ó gbàgbé ara rẹ̀. Ó fẹ́ na ìka sí ojú ọmọ náà, ọwọ́ tó ṣẹ́ ló sì fẹ́ nà. Ìrora gbé e, ó ké yéè, ó sì tẹ̀ ba mọ́lẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Rodiat," ni gbogbo ààfin wí. Bùsírátù sọ ọ́, àwọn ìgbìmọ̀ sọ ọ́, Sàlàhúdíìnì pàápàá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí àwọn mẹ́rin wà, Gbóyèga, Abdulbaqi, Ọládọ̀tun àti Olóyè Bọ́lárìnwá, kò sẹ́ni tó la ẹnu. Gbóyèga ti fẹ́ là á, ó rí ojú Ọládọ̀tun, ó pa á dé.

Asiata gbé orí sókè, omi ti kún ojú rẹ̀. Ohun tó ń dùn ún yìí ju eegun lọ.

"Baálẹ̀, ẹ bá mi bi wọ́n léèrè. Lọ́jọ́ tí a kó sí gọ́tà, ọlọ́kadà tí kò mọ̀ mí rí dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó kí mi pẹ̀lẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọjá kí mi. Ọmọ tó wà mí sí gọ́tà yìí, ó jáde, ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó gba iwájú mi kọjá, ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní ti àkọ́kọ́ kò kúnná. Kò wo ẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà títí di òní, kò sí ẹnìkan nínú wọn tó ní pẹ̀lẹ́ fún mi. Ṣé èmi kì í ṣe èèyàn ni?"

"Gbóyèga, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Gbóyèga wo bàtà rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ló dé?"

Ọládọ̀tun ló dáhùn. "Àṣẹ wa ni, sà. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ní pẹ̀lẹ́ fún ẹni tó fara pa ti gbà pé òun ló ṣe é. Kò sí ẹ̀rí tó le tó pẹ̀lẹ́. A máa ń fi kọ́ gbogbo awakọ̀ wa."

"O ní ẹ ò ní awakọ̀."

"Gbogbo àwọn tí kì í ṣe awakọ̀ wa, sà."

"Ọ̀rọ̀ ọmọ náà tọ́," ni Bọ́lárìnwá wí, ọ̀rọ̀ yìí ló kọ́kọ́ wù ú láti àárọ̀. "Ẹnu àìmẹ́nu ló ń kóni sí ọ̀ràn. Èmi náà ò ní sọ ọ́."

Baálẹ̀ Ọláògún kọjú sí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ jẹ́ kó yé mi. Ẹni tó bá ní pẹ̀lẹ́, òun ló jẹ̀bi. Ṣé gbogbo yín gba òfin yìí?"

"A gbà á," ni Abdulbaqi wí.

"Mo gbà á, sà," ni Gbóyèga wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kéré.

"Òfin ni òfin," ni Bọ́lárìnwá wí.

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n lọ bu omi mu kí n tó dájọ́."

Baálẹ̀ dìde. Ó gbé agbádá rẹ̀ sọ́wọ́, ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ láti orí pèpéle tí àga rẹ̀ wà, ẹsẹ̀ kejì kò sì tẹ̀ lé e bó ṣe yẹ. Gbìì. Ó nà gbalaja sílẹ̀. Fìlà rẹ̀ yí, ó yí, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà Ọládọ̀tun.

"Yéè, ìdí mi o," ni Baálẹ̀ wí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Baálẹ̀," ni Gbóyèga ké, ó sì ti dọ̀bálẹ̀ kí ó tó ké e tán. "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá wa, ẹ pẹ̀lẹ́," ni Abdulbaqi wí, ó ń sáré bọ̀. Bọ́lárìnwá fi agbádá gbálẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ọ̀rẹ́ mi, pẹ̀lẹ́ gan-an ni." Ọládọ̀tun gbọn fìlà, ó gbé e fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Sọ́rì, sà. Ẹ pẹ̀lẹ́."

Gbogbo ààfin sọ ọ́, Asiata náà sọ ọ́, àwọn mẹ́rin náà sì na ọwọ́ láti gbé e. Baálẹ̀ ò dìde. Ibi tó dùbúlẹ̀ sí náà ló ti la ojú kan.

"Ẹ má fọwọ́ kàn mí. Ta ló ní pẹ̀lẹ́?"

Ọwọ́ tí wọ́n nà dúró lófuurufú. Gbogbo ààfin ti gbọ́ ọ, kò sì sí fóònù tó lè kánsù ohun tí etí ti gbọ́.

"Ẹ̀yin mẹ́rin lẹ sọ ọ́," ni Baálẹ̀ wí láti ilẹ̀. "Nípa òfin tí ẹ fi ẹnu ara yín gbà, ẹ̀yin lẹ tì mí ṣubú."

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ṣubú, sà," ni Ọládọ̀tun wí.

"Bí mo bá fúnra mi ṣubú, kí lò ń bẹ̀ mí fún?"

"Ìwà ọmọlúàbí ni, sà."

"Háà. O wá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀."

Ọládọ̀tun tún táì rẹ̀ ṣe. Ó wo àwọn èrò ìwòran. "Ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló ní pẹ̀lẹ́, sà. Màmá náà wà nínú wọn, mo gbọ́ wọn."

"Àwọn ò gba òfin yín. Òfin tí ìyá wọn kọ́ wọn lórí ẹní ni wọ́n ń tẹ̀ lé, òun náà sì ni ọlọ́kadà ọjọ́sí tẹ̀ lé. Ẹ̀yin nìkan lẹ gba tuntun. Ẹ ti baálẹ̀ ṣubú láàárín ààfin rẹ̀, lójú ìgbìmọ̀ rẹ̀. Nǹkan ńlá lẹ ṣe. Ṣùgbọ́n èmi ò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Ohun tó bá tọ́ sí ìdí mi, mo fi ta Ìyá Rodiat lọ́rẹ. Ẹ dákẹ́ kí n dájọ́."

Ibẹ̀ náà ló ti dá a, lórí ilẹ̀, ó gbé orí lé apá bí ẹni ń najú.

"Gbóyèga, ìwọ lo di sítíárìn mú, ìwọ ni olórí ọ̀daràn. Láti ọ̀la, ìwọ ni ọwọ́ Ìyá Rodiat títí tirẹ̀ yóò fi san. O ó máa ri aṣọ rẹ̀ sínú aró, o ó máa fún un, o ó máa sá a. Bí dídọ̀bálẹ̀ bá tún gbé ọ, dọ̀bálẹ̀ fún ìkòkò aró, kò sí gọ́tà níbẹ̀. Bí aró bá gòkè dé ìgúnpá rẹ, má wá ọṣẹ. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ, kí gbogbo èèyàn rí i, kí wọ́n bi ọ́ léèrè, kí o sì ròyìn fún wọn.

"Abdulbaqi, ìwọ tó ń yá èèyàn lójú, gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ. Ìwọ ni wàá máa wa Ìyá Rodiat lọ sí ilé ìwòsàn àti ọjà, ìwọ fúnra rẹ, pẹ̀lú irùngbọ̀n rẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bá ojú mìíràn nínú ọkọ̀ náà, ó di ilé adìyẹ mi. Àwọn adìyẹ ti gbà bẹ́ẹ̀.

"Ọládọ̀tun, ilé ìwòsàn wà lọ́rùn àwọn ọ̀gá rẹ. Títí wọ́n á fi san án tán, ọkọ̀ tó bá ní sítíkà yín, lójú tèmi, kò wáyé. Mi ò sì rí bí ohun tí kò wáyé ṣe lè gba abúlé mi kọjá. Ìwọ fúnra rẹ, fẹsẹ̀ rìn jáde."

Ó yí ọrùn sí igbákejì rẹ̀. Bọ́lárìnwá ti ń fà sẹ́yìn.

"Olóyè, ẹ má lọ. Awakọ̀ ń wa ọkọ̀, ẹ̀yin ń retí ìdọ̀bálẹ̀. Ìkíni tí ẹ fi agbára gbà yẹn ló ṣẹ́ obìnrin yìí lọ́wọ́. Láti ọ̀la, ẹ máa lọ dúró níbi tí ewúrẹ́ dúró sí. Ọkọ̀ tó bá ń bọ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí fìlà. Kí ẹ ní, 'Ẹ kú ìrìn o, ẹ má kí mi, ẹ wo iwájú.' Ọjọ́ tí Ìyá Rodiat bá tún di ìyẹ́ adìyẹ mú, ọjọ́ náà ni kí ẹ dé fìlà yín padà."

"Olóyè bíi tèmi, Baálẹ̀?"

"Àbí ewúrẹ́ ni kí n gbé síbẹ̀?"

Àwọn èrò ìwòran bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Ṣùgbọ́n Asiata kò tíì kúrò lójú kan.

"Ìyá Rodiat, ṣé kò tó ni?"

"Ó tó, Baálẹ̀, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ fún mi ohun tí wọ́n sọ fún yín."

Gbóyèga ló kọ́kọ́ wá. Ó dọ̀bálẹ̀ sí iwájú obìnrin náà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ dídán náà kan ilẹ̀, kò sí ọkọ̀ tó ń lọ lábẹ́ rẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Èmi ni mo ṣẹ́ yín lọ́wọ́." Abdulbaqi tẹ̀ lé e. Olóyè Bọ́lárìnwá sọ tirẹ̀ sínú agbádá, wọ́n ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Ọládọ̀tun wo ẹ̀yìn bóyá ọ̀gá rẹ̀ kankan wà nítòsí kó tó sọ tirẹ̀. Asiata gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì nu ojú, ara sì rọ̀ ọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ gọ́tà náà.

"Ẹjọ́ parí," ni Baálẹ̀ wí. "Ẹ wá gbé mi dìde."

Kò sẹ́ni tó mira.

"Ẹ gbé mi dìde, mo ní. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n ṣubú, ilẹ̀ yìí le ju bí mo ṣe rò lọ. Ìdí mi ń dùn mí ní tòótọ́."

Àwọn ìgbìmọ̀ wo ara wọn. Abdulbaqi fi ọwọ́ bo ẹnu. Gbóyèga ti dọ̀bálẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó rọra gbé ojú sí ọ̀nà mìíràn. Sàlàhúdíìnì rántí pé òun fi táyà sórí iná. Nínú gbogbo ààfin, kò sí ọkùnrin kan tó fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ ọ́.

Asiata ló rìn dé ibẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ òsì tó kù fún un sí Baálẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá," ló wí, ó sì fà á dìde.